Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin tí Ẹ Fẹ́ Ra Ẹ̀rọ Ìwọ́ra ní Iléṣà

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin kan tí ó ń pàtẹ ẹrù tòkunbọ̀ lẹ́bàá Ọjà Àtàkúmọ̀sà. ₦45,000 ni mo kó fún un, owó àjọ tí mo fi oṣù mẹ́fà dá.

Màmá mi ni mo ra ẹ̀rọ ìwọ́ra náà fún, ẹ̀rọ tí ń gbọ̀n tí wọ́n fi ń wọ́ ara. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, èmi ni mo sì máa ń fi òrí wọ́ wọn ní alaalẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọwọ́ tèmi gan-an kì í fẹ́ gbé mọ́. Ọkùnrin náà pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó fún mi ní àga, ó ní tuntun ni ẹ̀rọ náà. Nígbà tí mo ní kí ó tàn án kí n rí i, ó ki wáyà rẹ̀ bọ inú nǹkan kan tí ó fi aṣọ bò lábẹ́ tábìlì, ẹ̀rọ náà sì ń gbọ̀n jẹ́ẹ́jẹ́ lórí èjìká mi. N kò béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ aṣọ náà. Kí ló dé tí n kò béèrè?

Ní alẹ́, NEPA mú iná wá. Màmá mi dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn, mo ti fi òrí pa ẹ̀yìn wọn, mo sì ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ náà han gooro, ó gbóná mọ́ mi lọ́wọ́, òórùn rọ́bà tí ń jóná gba gbogbo yàrá, kí n sì tó fà á yọ, ó ti kú. Bí mo bá ti gbé e lé wọn lẹ́yìn ńkọ́?

Mo fi èékánná ṣí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. 120V ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Iná Amẹ́ríkà nìyẹn. 230 ni tiwa. Àpótí tí ń dín agbára iná kù ni ó wà lábẹ́ aṣọ. Ó mọ̀! Bí kò bá mọ̀, kí ni ó ń fi bébà bò?

Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, ó bi mí bóyá òun ni òun bá mi ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Èmi ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí bàbá bàbá mi ṣe òṣómàáló, tí ó ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gbowó rẹ̀, èmi ni mo dúró láàárín ọjà tí mo ń sunkún. Ẹ má sọ pé ojúkòkòrò ló bá mi; n kò wá ọjà ọ̀pọ̀. N kì í ṣe oníná, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Ẹ wo ìdí ẹ̀rọ, kí ẹ rí 220–240V tàbí 100–240V. Ẹ ṣí bébà yòówù tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn. Kí wọ́n tàn án láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, lójú yín. Bí ẹ bá ń ra òróró ìwọ́ra inú ìgò, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC. Òrí tí obìnrin kan tà fún mi lọ́sẹ̀ náà kò yọ́ lórí àtẹ́lẹwọ́, ó le bí àbẹ́là, bẹ́ẹ̀ òrí gidi kì í pẹ́ yọ́ bí ó bá kan ara gbígbóná. N kò gba ontàjà kankan gbọ́ mọ́.

Mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀rọ mìíràn ti wà lórí àtẹ rẹ̀, aṣọ náà sì wà lábẹ́ tábìlì síbẹ̀.