Printa 3D olókùn àti ti résìn: èwo ni kí ẹni tó máa kun ọ̀dà rà?

Printa olókùn máa ń yọ́ okùn ike, á sì tò ó léra; ti résìn máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí résìn olómi kó lè gan ní ìpele-ìpele. Ẹni tó kàn fẹ́ tẹ ohun tí yóò máa gbé fóònù rẹ̀ lé, kó ra olókùn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọkọ̀ kékeré, tí ẹ ó sì kùn ún lọ́dà, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Olókùn ni mo kọ́kọ́ ní. Résìn ló wà lórí tábìlì mi báyìí.

Kìlò kan okùn PLA, ìyẹn ike tí olókùn sábà máa ń lò, máa ń pẹ́ kó tó tán. Résìn kì í pẹ́, ẹ ó sì tún máa ra ìbọ̀wọ́ àti ọtí isopropyl tí a fi ń fọ ohun tí a tẹ̀. Òórùn rẹ̀ ò dára, ẹ má gbé e sí yàrá tí èèyàn ń sùn. PLA kì í tètè fọ́ bíi résìn, àmọ́ tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sínú mọ́tò nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ ó bá a ní wíwọ́: bí ooru bá ti tó 60°C, ó ti ń rọ̀ nìyẹn.

Ó wá ku ìlà tí ìpele-ìpele máa ń fi sílẹ̀ lára ohun tí a tẹ̀. Ibẹ̀ lowó mi gbà lọ. Ìpele 0.2 mm ni olókùn sábà máa ń tò léra. Ẹ ó ní kí ló wà níbẹ̀? Ẹ fi 35 sọ ọ́ di púpọ̀. Lára danfo 1/35, ìyẹn èyí tí ọkọ̀ gidi fi ìlọ́po 35 jù lọ, tí kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 lọ, ìpele yẹn dúró fún mílímítà 7 lára ọkọ̀ gidi. Résìn tí a tẹ̀ ní 0.05 mm kò tó mílímítà 2.

Wọ́n á ní kí ẹ fi sáńpépà fá a. Ẹ ó fi filler, ohun bíi lẹ́ẹ̀, dí i, ẹ ó fá a, ẹ ó fín primer, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, ìlà á tún yọjú, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òrùlé bá fi máa dán, ọwọ́ ilẹ̀kùn ti bá sáńpépà lọ. Ọ̀dà yẹ́lò ló tún wá burú jù, torí kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀. Primer funfun ni kó kọ́kọ́ gorí ọkọ̀ náà. Tí ẹ bá ń po yẹ́lò danfo, ẹ kán pupa díẹ̀ sí i. Ẹ má fi dúdú pá a láwọ̀, àwọ̀ ewé ni yóò dà. Ẹ má sì po ọ̀dà Tamiya mọ́ ti Vallejo: ọlọ́tí ni tọ̀hún, olómi ni tibí, ó lè dì bíi wàrà tó kan.

Ìlà dúdú ara danfo ló fòpin sí sùúrù mi. Tẹ́ẹ̀pù kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ ara tó rí gbágun-gbàgun, ọ̀dà dúdú á gba abẹ́ rẹ̀ tú sórí yẹ́lò. Lára résìn, ẹ ṣí tẹ́ẹ̀pù, etí rẹ̀ á mú ṣáká. Kẹ́ ẹ ṣáà ti fọ̀ ọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ sì sá a sóòrùn kó gan; èyí tó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ kò ní gba ọ̀dà.

Bí NEPA bá múná lọ, olókùn púpọ̀ lè tẹ̀ síwájú níbi tó dé, àmọ́ àpá á wà níbẹ̀. Résìn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní pẹpẹ tó ń gbóná, inverter kékeré á gbé e. Táyà mẹ́rin tí ẹ bá jọ tẹ̀ kò sì gbà ju àkókò táyà kan lọ.

Fún máòdù ilé 1/100 tó jẹ́ ògiri pẹrẹsẹ, olókùn tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó ní kí òǹtajà tẹ òrùlé ọkọ̀ kan fún òun lórí méjèèjì, kó fín yẹ́lò sí wọn, kó sì fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ gílóòbù tó tàn, kó wò wọ́n kó tó sanwó.