PowerPoint fún pósítà àpérò: ó tó iṣẹ́ náà ṣe, àmọ́ ẹ tún un tò ná

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹni tí kò ní Illustrator, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ayàwòrán ń lò, lè fi PowerPoint ṣe pósítà A0 (bébà ńlá, 84.1 sí 118.9 sẹ̀ǹtímítà) tó gún régé. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe bébà tó ga ju mítà kan lọ.

Ìwọ̀n ló ṣáájú. Ẹ wo ìlànà àwọn olùṣètò bóyá òró ni wọ́n fẹ́ tàbí ìbú. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Design, Slide Size, Custom Slide Size, kí ẹ tẹ 84.1 àti 118.9 sẹ̀ǹtímítà síbẹ̀. PowerPoint ò gbà ju 142.24 sẹ̀ǹtímítà lọ. Pósítà tó bá ju bẹ́ẹ̀, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ ṣe, kí atẹ̀wé sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá kọ̀wé tán kó tó yí ìwọ̀n padà yóò tún gbogbo rẹ̀ tò ni.

Àwòrán ló máa ń bà jẹ́ jù, torí pé bí ẹ bá ti ń tọ́jú fáìlì ni PowerPoint ń fún wọn pọ̀. Nínú File, Options, Advanced, ẹ fi àmì sí Do not compress images in file. Àwòrán tí yóò fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà lórí bébà nílò nǹkan bí píksẹ́ẹ̀lì 1,800 ní fífẹ̀, ìyẹn 150 sí íǹṣì kan. Fọ́tò tó bá gba WhatsApp kọjá kì í sábà tó bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bíi fáìlì.

Ìwọ̀n lẹ́tà (font size) àkọlé kò gbọdọ̀ kéré sí 85. Ọ̀rọ̀ inú, 28 sí 32. Ẹ tẹ gbogbo pósítà sórí A4 kan ṣoṣo. Ìdá mẹ́rin A0 ni A4 ní gíga àti ní fífẹ̀, nítorí náà lẹ́tà 32 á di 8, 24 á di 6. Ohun tí ẹ ò bá lè kà lórí A4 náà bí ẹ bá nà án síwájú ní 40 sẹ̀ǹtímítà, ẹni tó dúró ní mítà kan àbọ̀ sí ògiri ò ní í rí i kà. Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ gé kúrò, ẹ má dín lẹ́tà kù.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá tún ní tiwa. Lẹ́tà «á» dá dúró nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, àmọ́ «ẹ́» àti «ọ̀» ò ní ẹyọ kan tó jẹ́ tiwọn: «ẹ» ni, a wá gbé àmì ohùn lé e. Fọ́ńtì tí kò mọ̀ ọ́n gbé á sún àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi pé lẹ́tà tó tẹ̀lé e ló ni ín. Nínú àkọlé ńlá, gbogbo ayé ló máa rí i, ó sì ń dun èèyàn. Noto Sans àti Gentium ń gbé e dáadáa.

PDF ni kí ẹ fún atẹ̀wé, torí pé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lè má ní fọ́ńtì yín. Bí ẹ bá ń sọ fáìlì di PDF, Standard ni kí ẹ mú, kì í ṣe Minimum size.

Àwọ̀ ni mo torí ẹ̀ yọ máàkì kan. RGB, ìlànà àwọ̀ ti ojú kọ̀ǹpútà, nìkan ni PowerPoint mọ̀, CMYK, ti yíǹkì ìtẹ̀wé, sì ni ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ń lò, nítorí náà búlúù àti àwọ̀ ewé tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà máa ń ṣú lórí bébà. Ẹ gé ibi tí àwọ̀ pọ̀ sí jù, tó A4, kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìyẹn fún yín lórí bébà tàbí flex tí ẹ máa lò gan-an.