Fóònù tàbí kámẹ́rà: èwo ni ká fi ya òpópónà ọjà àti ibùdókọ̀ ojú irin?

Ní ti owó, kò sí àríyànjiyàn: fóònù ti wà lápò tẹ́lẹ̀, kámẹ́rà ṣì máa béèrè lẹ́ǹsì, bátìrì àti báàgì.

Lójú òpópónà, fóònù ló rọrùn jù. Lẹ́ǹsì rẹ̀ máa ń kó ibi tó fẹ̀ sínú àwòrán, kò sì sẹ́ni tó ń fiyè sí i. Ẹ gbé kámẹ́rà ńlá jáde, kẹ́ ẹ wo bí oníṣọ́ọ̀bù ṣe máa yọjú pé kí lẹ ń wá. (Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, lójú tèmi.)

Inú ibùdókọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọkọ̀ tó ń wọlé bọ̀ lè gba kí ìyára ṣọ́tà (bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń tì) jẹ́ 1/500 ìṣẹ́jú àáyá kó tó hàn ketekete. Ẹ̀yin lẹ máa yàn án lórí kámẹ́rà. Fóònù sábà máa ń to àwòrán mélòó kan léra lálẹ́, ọkọ̀ á wá dà bí òjìji. Pátákó oníná tó ń kéde aago ọkọ̀ ńkọ́? Bí ìyára bá pọ̀ jù, lẹ́tà á gé sí méjì. Ẹ dín in kù sí nǹkan bí 1/60, ó sábà máa ń hàn tán.

Ewu kan náà ni méjèèjì ní: fíláàṣì lè fọ́ awakọ̀ lójú, ẹni tó tẹjú mọ́ àwòrán sì lè rìn kọjá ìlà etí pèpéle láìmọ̀.

Bẹ́ ẹ bá kàn ń ya bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ń ṣí tó ń tì, fóònù tó. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ń sáré, òru, tàbí àwòrán ńlá fún ògiri, kámẹ́rà ni.