Thumper, Beat Saber àbí Rez Infinite: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà fún VR?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra awò VR, ìyẹn awò tí wọ́n ń dè mójú tó ń mú kó dà bíi pé inú géèmù gan-an lèèyàn wà, tó sì fẹ́ràn ìlù, géèmù mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ fún un: Beat Saber, Rez Infinite àti Thumper. Mo fẹ́ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí ara àti ọkàn ẹni yàtọ̀ síra pátápátá. Thumper ni màá pẹ́ lé lórí jù, torí òun ni àwọn olùrà máa ń fojú fò dá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni n kò tíì rí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ti Beat Saber. Ìlú Prague, ní Czech, ni wọ́n ti ṣe é. Ó kọ́kọ́ dé orí kọ̀ǹpútà ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, Facebook sì ra ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní 2019. Ẹ ó di idà iná méjì mú, pupa kan, búlúù kan. Àwọn àpótí yóò máa fò bọ̀ bí orin ṣe ń lọ, ẹ ó sì máa gé wọn sí ìhà tí ọfà ara wọn bá kọjú sí. Ìdúró ni wọ́n ń gbá a, òógùn á sì bo èèyàn. Àlejò tí kò rí VR rí yóò mọ̀ ọ́n gbá kí orin kan tó tán, ìdí nìyẹn tó fi dára fún ilé elérò. Ẹ mọ̀ dájú pé owó kì í tán síbi géèmù nìkan: ọ̀pọ̀ orin àwọn gbajúmọ̀ olórin lẹ máa fi owó ọ̀tọ̀ rà. Bó bá sì jẹ́ PlayStation lẹ ní, ẹ rò ó dáadáa, torí ní 2025 ni wọ́n kéde pé àwọn kò ní fi orin tuntun kún un níbẹ̀ mọ́.

Rez Infinite dàgbà ju àwọn yòókù lọ. Tetsuya Mizuguchi, ará Japan, ló wà nídìí Rez àkọ́kọ́ tó jáde ní 2001. Ẹ̀dà ti VR dé ní oṣù kẹwàá ọdún 2016. Ẹ ó máa fò, ẹ ó di bọ́tìnì mú, ẹ ó sì máa yí orí sí àwọn ọ̀tá láti sàmì sí wọn, tó mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó yìnbọn sí wọn, gbogbo ọta tó bá bà wọ́n á sì di ara orin. Apá tí wọ́n pè ní Area X ló dùn jù: àwọn ẹ̀rún ìmọ́lẹ̀ ló yí yín ká, tí ẹ sì ń léfòó káàkiri bó ṣe wù yín. Òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ VR ní The Game Awards ti 2016, Thumper sì wà lára àwọn tó bá a du ú. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í pẹ́ tán.

Thumper wá ńkọ́? Ènìyàn méjì péré ló ṣe é, Marc Flury àti Brian Gibson, lábẹ́ orúkọ Drool. Harmonix, ilé-iṣẹ́ géèmù orin ní Massachusetts, ni àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ rí. Gibson ló ń ta gìtá báàsì nínú ẹgbẹ́ Lightning Bolt, ẹgbẹ́ tí orin wọn máa ń mi ògiri, èyí sì hàn nínú géèmù náà. Ẹ kò ní gbọ́ orin gbajúmọ̀ kankan níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í kọrin. Ìlù ńlá ni, irin tó ń kọlu irin, àti ohùn ìsàlẹ̀ kan tó ń kùn láìdákẹ́.

Ẹ̀yin ni kòkòrò onírin tó ń sáré àsápajúdé lórí ojú irin kan ṣoṣo nínú òkùnkùn. Bọ́tìnì kan àti ọ̀pá ìdarí páàdì ni gbogbo ohun tí ẹ nílò. Ẹ tẹ bọ́tìnì bí ẹ bá gun orí àmì tó ń tàn; ẹ dì í mú láti fọ́ ìdènà; níbi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́rí lójijì, ẹ dì í mú, kí ẹ sì tì sí ìhà tó yí sí. Bẹ́ ẹ bá ṣe àṣìṣe kan, ìyẹ́ líle tó wà lẹ́yìn yín á fọ́ dànù. Bẹ́ ẹ bá tún ṣe èkejì, ẹ ti kú nìyẹn, ẹ ó sì tún abala náà bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ti mú mi gan-an nìyí: bí ìdènà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lókèèrè, ìró rẹ̀ á ti kọ́kọ́ dún sí yín létí, kí ẹ tó débẹ̀ láti fi ọwọ́ dáhùn. Lílé àti ègbè ni. Géèmù á lé, ẹ̀yin á gbè é. Bí eré bá ti le, ojú nìkan kò tó mọ́, etí ló kù tí yóò gbà yín. Ìlù ọ̀hún kì í sì í dúró sórí mẹ́rin-mẹ́rin tí ẹsẹ̀ ti mọ̀; àwọn ìpele kan ń ka márùn-ún, òmíràn ń ka méje, ẹ ó sì rí i pé ọwọ́ yín á máa ṣì í títí ara yóò fi gbà á.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, géèmù tó dára ni. Nínú VR, ẹ̀rù gidi ló ń bà èèyàn. Kò sí ògiri yàrá tí ẹ lè yíjú wò láti sinmi. Orí gọbọi kan tó la ẹnu á dojú kọ yín, á bo gbogbo iwájú, ojú irin náà á sì máa gbé yín lọ bá a. Ẹ̀rù yẹn ni adùn rẹ̀. Òun ló ń gba gbogbo ọkàn ẹni, tí kò sí àyè láti ro gbèsè tàbí iṣẹ́ ọ̀la, nígbà tí ẹ bá sì wá la ibi tó ti pa yín léraléra kọjá, ara á fúyẹ́ lọ́nà tí Beat Saber kò fún mi rí. Ìjókòó ni wọ́n ń gbá a, òòyì kì í sì í kọ́ mi nínú rẹ̀ láìka eré yẹn sí, torí iwájú kan náà ni ojú ń wò.

Kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá ní wárápá kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, nítorí iná tó ń kọ mànàmànà. Ìpele mẹ́sàn-án ló ní, àwọn tó gbẹ̀yìn gùn, wọ́n sì le koko. Àwọ̀ àti àyíká wọn náà jọra ju bó ṣe yẹ lọ.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ṣeré ìdárayá tàbí ẹ ní àwọn ọmọ nílé, ẹ ra Beat Saber. Tó bá jẹ́ ìtura lẹ ń wá, Rez Infinite ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, pẹ̀lú àga kan àti hẹ́dífóònù tó lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa, Thumper ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó yín lé. Ẹni tó bá rà á sórí kọ̀ǹpútà tún lè gbá a láìlo awò rárá, nítorí náà, bí VR bá sú yín, owó yín kò wọgbó.