phpMyAdmin àbí mysqldump: èwo la ó fi kó dàtábéèsì pamọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sáìtì WordPress ní Àjàṣẹ́ níbí, phpMyAdmin, ojú-ewé tẹ́ ẹ fi ń bójú tó dàtábéèsì (ibi tí sáìtì ń kó àkọsílẹ̀ ẹ̀ sí) nínú bùráósà, ló rọrùn jù, ẹ ṣáà wọlé, ẹ tẹ Export, fáìlì .sql á bọ́ sórí kọ̀ǹpútà yín. Fún ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ouando, ó tó bẹ́ẹ̀. Wàhálà ẹ̀ ni pé tí dàtábéèsì bá ti wúwo, PHP (èdè tí phpMyAdmin fi ń ṣiṣẹ́) lè já a sílẹ̀ lágbedeméjì, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dá a padà, upload_max_filesize (ìwọ̀n fáìlì tó tóbi jù tẹ́ ẹ lè gbé sókè) tí PHP bá wá ò ju 2M, ìyẹn mẹ́gábáìtì méjì, lọ, àfi tí wọ́n bá ti sún un sókè.

mysqldump ní tiẹ̀, kọmáńdì ni, ó ń fẹ́ SSH (ọ̀nà tẹ́ ẹ fi ń wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn, kẹ́ ẹ máa tẹ kọmáńdì), ojú lè kọ́kọ́ rú yín o. Àmọ́ ẹ lè fi sínú cron, ètò orí sáfà tó ń ṣe iṣẹ́ lásìkò tẹ́ ẹ bá dá fún un, kó máa dá ṣe é láago méjì òru, kódà kí iná ti lọ nílé yín, ṣebí orí sáfà ló ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ InnoDB (irú tábìlì kan nínú dàtábéèsì MySQL), ẹ fi --single-transaction sí i, àwọn oníbàárà á lè máa rajà lọ. Èmi o, mysqldump ni tèmi, ṣùgbọ́n ẹ má fi fáìlì yẹn sílẹ̀ sórí sáfà kan náà, ẹ gbé e lọ síbòmíì.