Ẹ ṣọ́ra o: wọ́n ń lẹ "Pi 5" mọ́ páálí bọ́ọ̀dù Pi 4

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra bọ́ọ̀dù àfikún fún Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo), ẹ dákun, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọlọ́jà kan ní Ìkẹjà ta PoE+ HAT, bọ́ọ̀dù àfikún tó ń jẹ́ kí Pi gba iná láti inú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, fún mi ní ₦38,000 fún Pi 5 mi. Sítíkà "Pi 5" wà lára páálí rẹ̀ gbàgà. Ìgbà tí mo délé ni mo fi èékánná ká etí sítíkà yẹn sókè: "3B+, 4" ló wà lábẹ́, ìyẹn àwọn Pi tó ṣáájú Pi 5.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ó ń wọlé. Píìnì 40 tí HAT náà ń jókòó lé ò yí padà, wẹ́kú ló ṣe. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Píìnì kéékèèké mẹ́rin kan wà tó ń gba iná láti ihò wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Lára Pi 5, wọ́n ti gbé wọn kúrò níbi tí wọ́n wà lára Pi 4. Inú afẹ́fẹ́ lásán ni ihò mẹ́rin tó yẹ kó gbà wọ́n dúró sí. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́, kò tan rárá.

Mo fi ṣájà tan Pi náà. Àṣé mo ti yọ Active Cooler, fáànù tó ń mú Pi 5 tutù, kí HAT náà tó ráyè jókòó! Mo tẹ vcgencmd measure_temp, àṣẹ tó ń sọ bí Pi ṣe gbóná tó, nígbà tó ń ṣiṣẹ́: 84°C. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti 80°C ni Pi 5 ti ń dín eré kù fúnra rẹ̀.

Mo gbé HAT náà padà lọ bá ọlọ́jà yẹn, ó ní: "Ọ̀gá mi, Pi ni Pi o. Ẹ̀yin lẹ jó o." Kò dá kọ́bọ̀ padà. Ojú mi níbẹ̀ náà ló ṣe fẹ́ ta Active Cooler fún bàbá kan tó ní Pi 4, ó ní "gbogbo Pi ló ń lò ó." Irọ́ ni! Pi 4 ò ní ihò méjì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ̀, kò sì ní ibi tí wọ́n ń ki wáyà fáànù ẹlẹ́nu mẹ́rin bọ̀. Mo ṣẹ́jú sí bàbá, wọ́n bá tiwọn lọ.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú bọ́ọ̀dù yín dání, kẹ́ ẹ tò ó pọ̀ lójú ọlọ́jà kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ fọwọ́ pa gbogbo sítíkà ara páálí. Tèmi ṣì wà nílé. Ẹni tó bá fẹ́ rí fọ́tò rẹ̀, kó sọ̀rọ̀.