Ìkìlọ̀: Ẹ má ra àpótí "páwà séfà" tí wọ́n ń tà ní Lágere

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ tí ẹ ń tún ilé ṣe lásìkò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó mówó jáde.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde là ń tún ilé Màmá mi ṣe ní Ìrẹmọ. Oníná ń fa wáyà tuntun, káfíńtà ń kan sílíǹgì, a sì ti pinnu pé owó tí Màmá ń fi ra yúnìtì gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Bí ọkùnrin kan tó ń ta ọjà iná ní Lágere ṣe wá bá wa nìyẹn. Àpótí funfun kan ló gbé wá, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tí wọ́n bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná aláwọ̀ ewé á tàn lára rẹ̀. Ó ní á gé owó iná sí ìdajì. Méjì la rà, ₦9,000 lọ́kọ̀ọ̀kan.

A ò kàn gbà á gbọ́ lásán o. Ó tan fáànù, ó fi ẹ̀rọ kan tó dà bí ẹ̀mú gbá wáyà tó ń gbé iná wá sí i mú, a rí nọ́ńbà kọ́ráǹtì, ìyẹn bí iná ṣe ń ṣàn nínú wáyà. Ó ki àpótí bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù lórí wáyà kan náà, nọ́ńbà náà já wálẹ̀ lójú wa. Màmá pàtẹ́wọ́.

Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe irọ́. Ìtumọ̀ tó fún un ni irọ́. Kapásítọ̀, ohun kékeré tó ń gba iná pamọ́ díẹ̀ tó sì ń dá a padà, ló wà nínú àpótí náà, ó sì lè dín kọ́ráǹtì tó ń gba wáyà tó ń gbé iná wá sí fáànù àti àpótí kọjá kù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kọ́ráǹtì yẹn ni mítà ilé fi ń gbowó lọ́wọ́ wa. Iná tí fáànù fi ṣiṣẹ́ gan-an ló ń kà: ohun tó ń jẹ 1,000 wáàtì, tó bá tàn fún wákàtí 1, ó jẹ yúnìtì 1. Kapásítọ̀ kò lè yọ nǹkan kan kúrò nínú ìyẹn.

Ibi tí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ̀ wà gan-an nìyí. Ó ní àpótí òun kì í bá gílóòbù pupa ṣe, ká pààrọ̀ gbogbo wọn. Gílóòbù 10 ló wà nílé, 60 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Wákàtí 5 lálẹ́, yúnìtì 3 ti lọ. A fi LED oní-9 wáàtì rọ́pò wọn, gbogbo wọn pọ̀ ò jẹ tó ìdajì yúnìtì lálẹ́ mọ́. Káàdì Màmá wá ń pẹ́. Gílóòbù ló ṣiṣẹ́, àpótí ló gba ọpẹ́. Àwọn aládùúgbò méjì ló ra tiwọn nítorí ẹ̀rí tí Màmá jẹ́, ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ara fu mí, mo sì dán an wò. Fáànù àjà mẹ́ta, wákàtí 10, mo pa gbogbo nǹkan yòókù. Òru àkọ́kọ́ pẹ̀lú àpótí, òru kejì láìsí i. Yúnìtì 2.2 ni mítà gé lóru méjèèjì. Mo bá tú ọ̀kan: kapásítọ̀ kan bíi ti fáànù, bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ, iná aláwọ̀ ewé yẹn. Kò sí fíúsì, ike ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń pọ́n bí ohun tí iná jó.

Nígbà tí mo pe ọkùnrin náà, ó ní àpótí náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ "mọ ilé" fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé ìpè mi mọ́.

Tí a bá fẹ́ kí fáànù sinmi, òjìji tí kì í jẹ́ kí ilé gbóná ló yẹ ká náwó lé. Ẹ wo ilé Humanities ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí: àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, òjìji rẹ̀ ń bo ti ìsàlẹ̀. Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ọmọ Ísírẹ́lì, ló yà á bẹ́ẹ̀ nítorí oòrùn àti òjò ilẹ̀ wa. ₦18,000 yẹn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ ìbòrí fèrèsé yàrá Màmá tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, tí fáànù kì í sinmi níbẹ̀ lọ́sàn-án.

Bí ọkùnrin tó ń ta àpótí yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ní kó fi mítà yín dán an wò fún òru méjì kí ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ fáànù àti ẹ̀mú rẹ̀ ló tún yọ, ẹ sin ín dé ẹnu ọ̀nà.